Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni, mo pààrọ̀ rẹ̀, iná tún padà tàn (Corolla 2004)

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi. Corolla 2004 ni, ẹ́ńjìnì 1.8, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi, kò sì dá mi dúró lójú ọ̀nà rí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì tàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ó ki síkánà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wò ó fírí, ó ní "oxygen sensor" ni. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún mi.

Mẹkáníìkì mi bá mi lọ sí ọjà páàtì ní Gate, a ra sẹ́ńsọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù (àlòkù) kan, ó fi rọ́pò èyí tó wà lára mánífóòdù nítòsí ẹ́ńjìnì. Wọ́n pa iná náà. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe ń ti Bódìjà bọ̀, iná tún tàn. Mẹkáníìkì ní èyí tí a rà ni kò dáa, ká tún ra òmíràn, pé bí agbára bá wà ká kúkú ra méjèèjì ní tuntun. Owó yẹn pọ̀ fún mi lásìkò yìí, ọmọ ń wọlé ẹ̀kọ́.

Ọkọ̀ kì í jà, kì í tú èéfín dúdú, epo tó ń mu kò sì yàtọ̀ lójú mi. Kí ni kí n ṣe kí n tó tún náwó?

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, owó tó lọ á padà wá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan mọ́.

Kóòdù ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é, kò sì sí kóòdù tó ń jẹ́ "oxygen sensor". Bí dókítà bá yẹ ènìyàn wò tán tó ní "ẹsẹ̀ ni", ṣé ẹ ò ní bi í pé ọ̀tún ni àbí òsì, orúnkún ni àbí àtàǹpàkò? Lẹ́tà P ló máa ń wà níwájú kóòdù, nọ́ńbà mẹ́rin á sì tẹ̀lé e. Fún irú ọkọ̀ yín, láti P0130 dé P0135, sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ló ń bá wí, èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnì. Láti P0136 dé P0141, ìkejì ló ń bá wí, èyí tó wà lẹ́yìn kátálíìsì, àpótí tó ń fọ èéfín nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì, ẹ mọ̀ pé bí Táíwò bá ń ṣàìsàn, Kẹ́hìndé kọ́ ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n pààrọ̀ fún yín, ta ló sọ pé òun ló ń ṣàìsàn?

Ẹ padà lọ bá oní-síkánà, tàbí kí ẹ wá ẹlòmíràn tó ní. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 wá, ihò kan náà ni gbogbo wọn ní lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, torí náà síkánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ gan-an á kà á. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí wọ́n má pa kóòdù náà kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí kóòdù bá wọlé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn: bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń yí tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Bí wọ́n bá pa á, gbogbo ẹ̀ á bá a lọ. Bí wọ́n bá yọ orí bátìrì náà, bákan náà ni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Wọ́n á ti gbá ojú ẹsẹ̀ olè nù kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe ọlọ́dẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ní Ìlú Ọba, láti oṣù Karùn-ún 2018, bí iná yẹn bá ń tàn, ọkọ̀ ò ní yege nínú MOT, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ lọ́dọọdún. Tipátipá ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí lára Avensis mi, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo mọ̀ kún un.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe kò lè mọ ìgbà tó ń parọ́. Kílò epo kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán pátápátá. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ń tọ́ èéfín wò bí ẹni tó ń dáná ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí ọ́síjìn bá ṣẹ́kù nínú èéfín, epo kéré nìyẹn, fóltì rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1. Bí epo bá pọ̀ jù, á gòkè dé nǹkan bíi 0.9. Kọ̀ǹpútà á gbọ́, á fi epo kún un tàbí kó dín in kù. Kí ẹ kíyè sí i o: lára ọ̀pọ̀ Toyota, sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe irú èyí mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní A/F sensor ni, tó ń wọn ìpín afẹ́fẹ́ àti epo. Ìyẹn kì í fò sókè fò sódò bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ju ojúlówó A/F sensor nù torí pé kò rí 0.1 sí 0.9 lójú síkánà.

Ti ẹ̀yìn, kátálíìsì ló ń ṣọ́. Agbára tó ní lórí iye epo tí ọkọ̀ ń mu kò tó nǹkan. Ìyá Ìbejì, bí ẹ ṣe sọ pé epo ò yàtọ̀ yẹn, ọkàn mi ń lọ sí ti ẹ̀yìn.

Ohun kan tún kù. Sẹ́ńsọ̀ náà kì í sọ̀rọ̀ àfi tó bá gbóná dé nǹkan bíi 300 °C. Nígbà tí Volvo kọ́kọ́ fi èyí tí Bosch ṣe sínú ọkọ̀ ní 1976, èéfín nìkan ló ń mú un gbóná. Nígbà tó yá ni wọ́n fi hítà kékeré sí i nínú, bí irin inú áyọ́ọ̀nù, kó lè tètè jí láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí wáyà rẹ̀ fi di mẹ́rin: méjì fún hítà, méjì fún ìròyìn tó ń kó lọ bá kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ kóòdù "sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn" tí àwọn ènìyàn ń sunkún lé lórí, ọ̀rọ̀ hítà yìí lásán ni.

Ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòdù mi yàtọ̀. Camry 2005 ni mo ní, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní Big Daddy. P0171 ló gbé wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo kéré, afẹ́fẹ́ pọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní kpayo ni, epo inú ìgò tí à ń rà létí ọ̀nà, pé òun ló ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí kpayo tí wọ́n ti lú pọ̀ lóòótọ́. Mo ra sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tuntun nínú páálí. Kóòdù ò yẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni síkánà kékeré kan, ELM327, tí mo so mọ́ fóònù. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ fuel trim, iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò, ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì ń yí jẹ́jẹ́, mo rí +24. Mo wá tẹ tọ́rótù títí ó fi yí dé ìgbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, mo dì í mú síbẹ̀, ó wálẹ̀ sí +5. Ẹ wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́, kí ló dé tí kò parọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré? Ihò kékeré ni ìyẹn fi ń hàn: nígbà tí ẹ́ńjìnì ń mí díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò wọlé pọ̀ lójú rẹ̀, nígbà tó bá ń mí gùlégùlé, ihò náà ò já mọ́ nǹkan. Bó bá jẹ́ ohun tó ń fọ́n epo tàbí fítà epo ló dí, òdìkejì lẹ ó rí, nọ́ńbà náà á máa ga sí i bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń sáré.

Mo fi ìgò tó ń fọ́n omi fọ́n ìrì díẹ̀ sára àwọn rọ́bà tó yí inú mánífóòdù ká, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tó kan rọ́bà kan lẹ́yìn, tí kò nípọn ju ọmọ ìka mi tó kéré jù lọ, ohùn ẹ́ńjìnì yí padà. Mo fi ọwọ́ yí rọ́bà náà: òkè rẹ̀ dán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là gbọọrọ. Rọ́bà yẹn kò tó owó ìgò kpayo méjì. Sẹ́ńsọ̀ tí mo jù nù ti ń sọ òtítọ́ fún mi látọjọ́ yìí.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti padà lọ, mo sì dúró tì í gbọnin-gbọnin títí mo fi ya fọ́tò. P0141 ni. Ìkan ṣoṣo ni, kò sí òmíràn. Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá ohun tó rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó ní òun ò rántí.

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì. P0141, hítà sẹ́ńsọ̀ kejì nìyẹn. Ẹ́ńjìnì yín onísílíńdà mẹ́rin ló tò síbì kan, bank 1 (ìlà sílíńdà àkọ́kọ́) nìkan ló ní. Àwọn tó ń wa V6, tí sílíńdà rẹ̀ pín sí ìlà méjì, ni yóò kọ́kọ́ wá ẹ̀gbẹ́ tí sílíńdà àkọ́kọ́ wà, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni bank 1.

Ẹ gbọ́, èyí tí wọ́n pààrọ̀ fún yín kọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé níbo ló gbé ògbólógbòó sẹ́ńsọ̀ tó yọ sí. Ẹ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ó ṣeé ṣe kó dáa ju Bẹ́ljíọ̀mù tí ẹ rà lọ.

Nísinsìnyí, a fẹ́ bi hítà náà léèrè fúnra rẹ̀. Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, èyíkéyìí ni. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, láàárọ̀ kùtùkùtù ló dáa jù. Irú Corolla yín, púlọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kò sí nísàlẹ̀ ọkọ̀, inú ọkọ̀ ló wà, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ike àárín tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì. Wáyà rẹ̀ gba ihò tí rọ́bà dí lọ sísàlẹ̀. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì náà. Ní apá tó ń bọ̀ láti ara sẹ́ńsọ̀, ẹ ó rí wáyà mẹ́rin. Bó bá jẹ́ Denso, dúdú méjì ni hítà, búlúù ni ìròyìn, funfun ni ilẹ̀ (ground). Bó bá jẹ́ Bosch ni ẹnì kan ti fi rọ́pò, ó yí padà: funfun méjì ni hítà, dúdú ni ìròyìn, eérú ni ilẹ̀. Ẹ má ṣì í mú o.

Ẹ yí mítà sí ohm, tó ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kan hítà méjèèjì. Lára irú Toyota yìí, 11 sí 16 ló yẹ kí ẹ rí bí ó bá tutù. Bí ẹ bá rí i, hítà ń bẹ láàyè, ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀bi lápá kejì: ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wọn apá púlọ́ọ̀gì tó ń bọ̀ láti ara ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà gbọ́dọ̀ ní fóltì bíi 12. Bí kò bá sí, fíùsì tàbí wáyà ni. Bí ó bá wà, wáyà hítà kejì tí kọ̀ǹpútà ń so mọ́ ilẹ̀ la ó wò.

Bí mítà bá kọ OL, ọ̀nà ti já níbì kan.

Mẹkáníìkì, Abẹ́òkúta

Ọ̀gá mi, mo kí yín, àgbà ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tèmi. Ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, tó gbé P0141 wá, ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Obìnrin yìí ti ná owó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ra Denso tuntun kan, ẹ̀yìn nìkan, ó parí nìyẹn. Bí a bá ń kó kápẹ́ẹ̀tì, tí à ń wá mítà kiri, ọjọ́ ń lọ, iṣẹ́ mìíràn sì ń dúró.

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Àbúrò mi, mi ò bá ọ jiyàn pé sẹ́ńsọ̀ máa ń kú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mítà ń gbà. Ìwọ náà wo ohun tí àìwọ̀n ti ná an.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo ti wọ̀n ọ́n. Àbúrò ọkọ mi ló yá mi ní mítà, ó sì dì í mú fún mi. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, eruku àti bísíkíìtì àwọn ọmọ tó ti di lẹ́búlẹ́bú la kọ́kọ́ bá. Púlọ́ọ̀gì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó mọ́ tónítóní, kò sí ìpẹtà. Dúdú méjì, búlúù kan, funfun kan, bí Bàbá ṣe wí gẹ́lẹ́.

Mítà kọ OL. A yí i padà, ó tún kọ OL. A fẹnu mítà kan ara wọn, ó kọ 0.3, torí náà mítà náà dáa.

Mẹkáníìkì mi ti rí ògbólógbòó sẹ́ńsọ̀ náà nínú páálí lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì ti kó o fún mi.

Mẹkáníìkì, Abẹ́òkúta

Ẹ ò rí i. Sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ẹ ra tuntun, màmá, ẹ má ra Bẹ́ljíọ̀mù fún ti ẹ̀yìn.

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Ẹ dúró ná. Ibi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, láàárín ibẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, wáyà kan wà tó gùn, tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, níbi tí òkúta àti ooru wà. OL tí ẹ rí yẹn, ti wáyà àti ti hítà pọ̀ ni. Ẹ ò tíì mọ èyí tó já nínú méjèèjì.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi ronú. Ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí iná tó tàn, kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà? Ìbéèrè tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi yín nìyí. Ṣé ẹ gba inú àgbàrá kọjá? Ṣé ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Bàbá! Sàlẹ́ńsà. Ó ń pariwo, ó ti jò níbi tí páìpù méjì ti pàdé. Mo gbé e lọ fún wẹ́dà, ó jó o pọ̀. Mo wo àkọsílẹ̀ owó tí mo ná nínú fóònù mi: ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kí iná tó tàn ni.

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Ẹ lọ wo ibẹ̀. Kí ọkọ̀ ti tutù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, mo ti sin ẹni tí mo mọ̀ nítorí irú ẹ̀. Kí wọ́n gbé e sórí ìdúró irin tàbí kòtò. Kí wọ́n fi ọwọ́ tọ wáyà náà láti ibi tó ti jáde nínú ihò rọ́bà títí dé ìdí sẹ́ńsọ̀, láìfo ibì kan.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo wọlé wá báyìí ni, ọwọ́ mi ò tíì mọ́. A rí i.

Mẹkáníìkì mi ló ní kòtò, èmi náà sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ibi tí wọ́n ti jó páìpù, irin tuntun tó gbè sókè, ó rí ṣágiṣàgi. Wáyà sẹ́ńsọ̀ dùbúlẹ̀ lé e lórí. Agekùn irin kékeré tó yẹ kó gbé e sókè kúrò lára páìpù ti ṣí, ó kàn ń jì dirodiro. Àpò dúdú tó bo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ páìpù bí ọ̀dà. Nígbà tí mẹkáníìkì rọra ṣí i, búlúù pé, funfun pé, dúdú kan pé. Dúdú kejì ti já, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti dúdú bí òwú fìtílà.

Mo ní kó má tíì fọwọ́ kàn án. Mo fi mítà kan ibi tí wáyà náà ti já lápá tó ń lọ sí sẹ́ńsọ̀, mo fi ẹnu kejì gún dúdú èkejì díẹ̀. 13.6!

Sẹ́ńsọ̀ ò kú rárá. Mẹkáníìkì mi wo mítà náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí la ó wá ṣe sí wáyà?

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ẹ tilẹ̀ ní oríire. Bí dúdú tó ń gbé iná wá bá lọ kan páìpù, fíùsì ìbá ti jó, ẹ̀ bá sì máa wá ẹ̀bi níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kó gé ẹnu tó jó náà kúrò títí tí yóò fi kan bàbà tó ń dán. Bí kò bá gùn tó, kó fi wáyà tó nípọn bíi tirẹ̀ bù ú gùn. Kó má fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, irin ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi páláyà tẹ̀ ni kó lò. Ìdí méjì ni. Lẹ́ẹ̀dì kì í fẹ́ràn ooru àti gbígbọ̀n abẹ́ ọkọ̀. Èkejì, irú sẹ́ńsọ̀ yìí ń mí afẹ́fẹ́ ìta nípasẹ̀ inú wáyà rẹ̀, ó ń fi ìyẹn wé èéfín. Bí ẹ bá fi lẹ́ẹ̀dì tàbí gírísì dí i, ẹ ti dí imú rẹ̀. Torí náà, bó bá jẹ́ búlúù tàbí funfun ló já, ǹ bá ní kí ẹ ra tuntun, ìròyìn tó ń gbé kéré jù fún wáyà tí a so pọ̀. Hítà ò ní wàhálà púpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kó fi rọ́bà tó ń sún kì tí iná bá kàn án bo ojú ìsopọ̀, kó wá fi àpò tó ń gba ooru wọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó dá agekùn irin yẹn padà sí ààyè rẹ̀. Okùn ike ò tó níbẹ̀, yóò yọ́. Kí wáyà rọ̀ díẹ̀, torí ẹ́ńjìnì máa ń mì, ṣùgbọ́n kó má lè dé ara páìpù mọ́.

Mẹkáníìkì, Abẹ́òkúta

Bàbá, mo gbà fún yín. Ǹ bá ti tà á ní sẹ́ńsọ̀ tuntun, ǹ bá sì fi wáyà tuntun náà lé orí páìpù kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá di dandan kó pààrọ̀ tirẹ̀. Spánà 22 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ẹ wá èyí tó ní ojú níbi tí wáyà lè gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kí ẹ tó tú u; bó bá tutù jù, eyín tí wọ́n gé sínú ihò páìpù á bá a jáde. Bí ẹ bá fi gírísì oníbàbà sí eyín tó fi ń wé mọ́ ihò náà, kó má kan orí tó ń wọ inú páìpù. Sìlíkónì tí wọ́n ń fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó fi sí ẹ́ńjìnì, èyí tí kò bá kọ ọ́ pé kò ṣe sẹ́ńsọ̀ ní nǹkan, èéfín rẹ̀ a máa pa á. Fífi epo bẹntiróòlù fọ sẹ́ńsọ̀, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Onítáksì, Òṣogbo

Mo ti ń kà yín látàárọ̀. Tèmi, P0420 ni, kóòdù tó ní kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Wẹ́dà kan ló ṣí kátálíìsì mi, ó kó gbogbo afárá inú rẹ̀ jáde, ó ní ọkọ̀ á máa sáré sí i. Látìgbà náà ni iná ti tàn. Wọ́n ní kí n ra sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn yín ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí kátálíìsì bá wà lálàáfíà, ìlà rẹ̀ lójú síkánà á dúró jẹ́ẹ́, ní nǹkan bíi 0.6 tàbí 0.7, bí ọkọ̀ bá ti gbóná tó sì ń sáré déédéé. Bí kátálíìsì bá ti lọ, ti ẹ̀yìn á máa fò bíi ti iwájú, wọ́n á jọ máa jó ijó kan náà. Ohun tó ń sọ nìyẹn: kò sí ẹni tó ń fọ èéfín mọ́. Afárá tí wọ́n kó yẹn ní pìlátínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù nínú, ó níye lórí gan-an, ó sì dùn mí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan á wá bá yín pẹ̀lú irin gígùn kan tí wọ́n ń fi gbé sẹ́ńsọ̀ sẹ́yìn kúrò nínú èéfín kí iná lè kú. Iná á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín olóró náà ò lọ síbì kankan, ẹ̀yin àti èrò yín lẹ ó máa fà á símú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Onítáksì, Òṣogbo

Mo gbọ́. Ẹ ṣeun.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú àtijọ́. Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí. A so wáyà náà bí Bàbá ṣe wí, a sì gbé agekùn náà padà. Mo wọ̀n ọ́n láti inú ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí a tó dá púlọ́ọ̀gì padà: 13.8. A dá ògbólógbòó sẹ́ńsọ̀ iwájú padà sí ipò rẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù wà nínú búùtù. Lẹ́yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù. Mo ti lọ sí Ọ̀yọ́, mo ti bọ̀, mo ti wọ inú gósíló Ìwó Road láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Iná ò tàn. Lánàá mo tún jẹ́ kí wọ́n ki síkánà bọ̀ ọ́: kò sí kóòdù kankan, kò sí èyí tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyẹ̀wò hítà sẹ́ńsọ̀ sì ti parí, ó yege.

Mo padà lọ bá wẹ́dà, mo fi fọ́tò hàn án. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun ò mọ̀ pé wáyà ń bẹ níbẹ̀. Mẹkáníìkì mi ti ra mítà tirẹ̀. Ó ní kí n bá òun bi Bàbá pé kí ni kí òun kọ́kọ́ máa ṣe kí òun tó wọn nǹkan kan.

Bàbá Rẹ́wáyà, Múṣín

Ẹ bá mi kí i, inú mi dùn sí i. Kó máa kọ́kọ́ fẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn ní ohm, bí àbúrò ọkọ yín ṣe ṣe. Bí kò bá súnmọ́ òdo, wáyà mítà tàbí bátìrì rẹ̀ ni kó yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ oníbàárà. Kí ó sì yí i kúrò ní ohm kó tó fi kan ibi tí iná wà.